Kíìkì Kọ́ Ló Ń Jẹ̀bi Nígbà Gbogbo

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí dá lórí ẹ̀rọ tó ń jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ìyẹn kíìkì sítátà, tí àwọn rìwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ń pè ní kíìkì lásán. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀ ló ti rí irú àárọ̀ yìí: wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, nǹkan kan ró kọ́ níwájú ọkọ̀, ó sì parí síbẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá, ẹni tó wà nítòsí ti dájọ́ pé kíìkì ti lọ. Ó di ọjà Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Géètì n'Ìbàdàn, wọ́n ra tókunbọ̀ kan, wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀, ìró kọ́ náà sì tún padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa ni pé ẹni tó ní ọkọ̀ lè pààrọ̀ kíìkì fúnra rẹ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀, àmọ́ bóòtì títú kọ́ ló ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà. Ibi tó ṣòro ni kí a ní ẹ̀rí pé kíìkì ló jẹ̀bi. Bátìrì tó ti rẹ̀, tẹ́mínà tó dípẹtà àti wáyà ẹ́ẹ̀tì tó ti dẹ̀, gbogbo wọn ló lè mú ọkọ̀ ṣe gẹ́lẹ́ bí ọkọ̀ tí kíìkì rẹ̀ bàjẹ́, ẹni tí kò bá sì yẹ̀ wọ́n wò kó tó mú sípánà, ìméfò ló fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí kíìkì ń ṣe. Láyé àtijọ́, irin gbọọrọ kan ni awakọ̀ máa ń kì bọ iwájú ọkọ̀, tí yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, irin náà lè ṣẹ́ni lọ́rùn ọwọ́. Charles Kettering, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Ohio ní Amẹ́ríkà, ló ṣe kíìkì oníná tó ṣeé gbára lé ní 1911, Cadillac sì fi sínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ti 1912. Ohun tó ń kọ àwọn èèyàn lóminú ṣáájú ìgbà náà ni pé mọ́tò iná tó lágbára tó láti yí ẹ́ńjìnnì yóò tóbi jù, yóò sì wúwo jù. Ṣùgbọ́n Kettering ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ National Cash Register, níbi tó ti fi mọ́tò kékeré sínú ẹ̀rọ ìgbowó. Ó mọ̀ pé mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, tó sì ń sinmi lẹ́yìn náà, lè gbé ẹrù tí mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ kò gbọdọ̀ dán wò. Orí èrò yẹn ni kíìkì inú àwọn ọkọ̀ wa ṣì dúró lé. Òun ni kò fi yẹ kí a di kọ́kọ́rọ́ mú ju bí ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun náà ló fà á tí kíìkì fi ń fa iná lọ́nà tí ohun mìíràn nínú ọkọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀: gílóòbù iná iwájú kan ń fa nǹkan bí ampere 5, kíìkì ọkọ̀ onísílíńdà mẹ́rin sì ń fa bí 100 sí 200 nígbà tó bá ń yí ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, iná kékeré kan gba wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí solenoid, ìyẹn agolo kékeré tó gun kíìkì lẹ́yìn. Iṣẹ́ méjì ni solenoid ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti gíà kékeré kan síwájú kí eyín rẹ̀ lè wọ eyín fuláíwíìlì, ìyẹn àgbá irin tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, ó sì ti àwo bàbà kan lu ojú bàbà méjì tó wà nínú rẹ̀, kí iná ńlá láti inú bátìrì lè kọjá sínú mọ́tò. Ìró kọ́ tí a ń gbọ́ kò ju ìró solenoid yìí lọ. Ó ń sọ fún wa pé iná kékeré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa iná ńlá. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n gbọ́ tí kíìkì dáhùn, tí ẹ́ńjìnnì kò sì yí, wọ́n wá rò pé inú kíìkì gan-an ni àléébù wà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé iná ńlá kò lè rìn dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bátìrì tó kún dáadáa, tí wọn kò lò fún wákàtí díẹ̀, máa ń ní volt 12.6. Ká ní tẹ́mínà rẹ̀ ti dípẹtà débi pé ó fi ìdènà ohm 0.02 péré sójú ọ̀nà. Tí ampere 150 bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, a ó fi 150 sọ 0.02 di púpọ̀, volt 3 ni yóò sì sọnù síbẹ̀ kí iná tó dé kíìkì. Bẹ́ẹ̀, tí iná iwájú tó ń fa ampere 5 bá gba ojú ọ̀nà kan náà, volt 0.1 péré ni yóò pàdánù, ojú èèyàn kò sì lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ìdáhùn wà nínú èyí fún ẹni tó ń sọ pé bátìrì òun dára torí pé iná ń tàn, hóònù sì ń ké. Táńkì orí òrùlé lè kún fọ́fọ́, kí páìpù tó ti ń dí ṣì máa sun omi tó tó fọ ọwọ́. Ìgbà tí ẹnìkan bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀ gbayawu láti pọn korobá ni a óò mọ̀ pé páìpù dí. Hóònù àti iná kò béèrè tó ohun tí kíìkì ń béèrè, nítorí náà wọn kò lè jẹ́rìí fún bátìrì tàbí fún wáyà.

Ẹ wo orí bátìrì náà dáadáa. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì wa, ẹ óò rí ìyẹ̀fun funfun tó ń dà sí àwọ̀ ewé, tó yí ẹsẹ̀ tẹ́mínà ká. Ẹ óò rí ìṣó tí wọ́n ki sáàárín tẹ́mínà àti orí bátìrì kó lè há. Òjé ni orí bátìrì, ó rọ̀. Ìṣó yóò gé e lójú, yóò sì fi ibi kéékèèké sílẹ̀ tí ojú irin méjèèjì kò ti kan ara wọn mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ wáyà dúdú, ìyẹn ẹ́ẹ̀tì, lọ síbi tí wọ́n ti dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì tàbí gíábọ́ọ̀sì. Nígbà míì, ẹni tó ṣe gíábọ́ọ̀sì gbẹ̀yìn ti gbàgbé láti dá ẹ́ẹ̀tì kejì padà, tàbí kó dè é lórí ọ̀dà àti ọ̀rá. Kíìkì kò ní wáyà dúdú tirẹ̀. Ara irin tó fi jókòó mọ́ ẹ́ńjìnnì ni iná ń gbà padà. Nítorí náà, ẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì ni ẹ́ẹ̀tì kíìkì. Bí ẹ bá fi omi gbígbóná àti bọ́rọ́ọ̀ṣì irin fọ tẹ́mínà, tí ẹ nù ún gbẹ, tí ẹ sì fún un dáadáa, ẹ lè rí i pé ọ̀rọ̀ ti parí láìná kọ́bọ̀.

Bí kò bá parí, mítà iná ló kù. Mítà kékeré tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́tíríkà tó fún iṣẹ́ yìí, kò sì wọ́n tó kíìkì tókunbọ̀ kankan. Ẹ fi gíà sí páàkì tàbí fírì, ẹ fa họ́nbíréèkì, kí ẹnìkan jókòó sídìí kọ́kọ́rọ́. Ẹ kọ́kọ́ wọn bátìrì nígbà tó ń sinmi. Volt 12.6 dára, 12.2 túmọ̀ sí pé bí ìdajì ló kù nínú rẹ̀. Tó bá ti wà ní 12.0, ẹ lọ yan án, ìyẹn ni pé kí ẹ fi iná kún un, kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè mìíràn. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, kó sì dì í mú díẹ̀, nígbà tí ojú yín wà lára mítà. Bí bátìrì bá já wálẹ̀ kọjá volt 9.6, tó sì jẹ́ pé ó kún tẹ́lẹ̀, bátìrì gan-an lẹ óò kọ́kọ́ fura sí. Bí solenoid bá ró, tí bátìrì sì dúró sórí 12.5 bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rí pàtàkì nìyẹn: iná ńlá kò rìn rárá, ojú ọ̀nà rẹ̀ ti gé níbì kan. Láti mọ ibi tó gé sí, ẹ fi ẹnu mítà kan kan orí bátìrì tó jẹ́ pọ́sítíìfù, kí èkejì kan nọ́ọ̀tì ńlá tí wáyà bátìrì gbà wọ kíìkì, kí wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́. Iye tí mítà bá sọ ni iye tó sọnù sínú wáyà yẹn. Kò yẹ kó ju 0.5 lọ. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ láti ara irin kíìkì sí orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gátíìfù, fún ẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀nà méjèèjì bá mọ́, tí bátìrì lágbára, tí solenoid ń ró, tí ẹ́ńjìnnì kò sì yí, a lè dá kíìkì lẹ́bi láìbẹ̀rù, bí kò bá ti jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló há. Bí solenoid kò bá sì ró rárá, ẹ wò ó bóyá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ń rí iná nígbà tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Tí kò bá rí i, fíúùsì, rìléè, ojú kọ́kọ́rọ́ tàbí súwíìṣì tó wà lára gíà ló ní ẹjọ́. Ẹ fi gíà sí fírì dípò páàkì kí ẹ tún gbìyànjú.

Àwọn kan á ní rìwáyà àgbà kò nílò mítà, pé etí rẹ̀ ti tó. Etí rìwáyà àgbà níyì púpọ̀, ó sì ń mọ nǹkan tó pọ̀: kọ́kọ́kọ́kọ́ tó ń sáré sábà máa ń jẹ́ bátìrì tó rẹ̀, ìró mọ́tò tó ń fò láìyí ẹ́ńjìnnì jẹ́ gíà kékeré tó ti yọ̀, ìró irin tó ń họ irin jẹ́ eyín tó ti jẹ. Àmọ́ ìró kọ́ ẹyọ kan ṣoṣo máa ń jọra bóyá bàbà inú solenoid ló jẹ tàbí wáyà ẹ́ẹ̀tì ló dẹ̀, kò sì sí etí tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹlòmíì á ní òun ti fi bátìrì ọkọ̀ ẹlòmíì sítáàtì tirẹ̀, ó sì jí, nítorí náà bátìrì òun ló bàjẹ́. Ìyẹn náà kò tíì parí ọ̀rọ̀, torí tí a bá so wáyà ìrànwọ́ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, a ti fún kíìkì ní ẹ́ẹ̀tì tuntun, a sì ti fo tẹ́mínà tó dípẹtà kọjá. Ní ti àwọn tó ń fi sípánà gbá kíìkì títí yóò fi yí, ẹ̀rí tiwọn lágbára jù lọ. Gbígbá kì í tún bátìrì ṣe. Bí kíìkì bá yí nítorí pé wọ́n gbá a, ó ṣeé ṣe gan-an pé kábọ̀nù inú rẹ̀ tó ń gbé iná wọ mọ́tò ti jẹ tán, tàbí kí ojú bàbà inú solenoid ti jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí gbígbá tó pọ̀ jù lè fọ́ òòfà tó wà nínú àwọn kíìkì kan.

Ẹ̀rí yìí tún ń sọ ohun tó yẹ ká rà. Ọ̀pọ̀ kíìkì Denso tó wà lára Toyota ti àwọn ọdún 1990, títí kan Camry tí a ń pè ní Orobó, ni ara mọ́tò rẹ̀ ṣì le koko nígbà tí ojú bàbà méjì inú solenoid ti jẹ. Tí ẹ bá ṣí ìdérí solenoid náà, tí ẹ sì gbé bàbà àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, ẹ óò rí i pé ojú tuntun tẹ́jú pẹrẹsẹ, ti àtijọ́ sì ti dúdú, ó ti gún kòtò lápá kan bí àwo bàbà ṣe ń lù ú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀ka kékeré yìí ni rìwáyà gidi máa ń pààrọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odindi kíìkì. Kábọ̀nù náà ṣeé pààrọ̀. Odindi kíìkì ló tọ́ láti rà nígbà tí wáyà inú mọ́tò bá ti jóná, tí ẹ ń gbóòórùn rẹ̀, tàbí tí ilé rẹ̀ bá ti là. Tó bá sì jẹ́ tókunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má sanwó kí ẹni tó ń tà á tó fi bátìrì dán an wò lójú yín: gíà kékeré gbọ́dọ̀ fò síta pátápátá, kó sì yí láìkọ́. Ẹ ka eyín rẹ̀ mọ́ ti àtijọ́, ẹ fi ihò bóòtì wé ihò bóòtì. Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í rò: kíìkì tuntun tí wọ́n so mọ́ wáyà tí kò dára kì í pẹ́. Solenoid tí kò rí iná tó yóò máa ṣí, yóò máa pa, iná yóò sì máa ta lójú bàbà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí, títí tí yóò fi jẹ. Ìdí pàtàkì kan nìyẹn tí kíìkì kejì fi ń tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ lọ.

Tí ó bá ti wá dájú, iṣẹ́ sípánà yá. Kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ bọ́ òrùka àti aago irin lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ tú nẹ́gátíìfù kúrò lórí bátìrì, ẹ sì fi í síbi tí kò ti lè padà kan ibẹ̀. Ìdí tí kì í fi í ṣe pọ́sítíìfù ni pé ara ọkọ̀ látòkèdélẹ̀ ló so mọ́ nẹ́gátíìfù. Tí sípánà bá kan ara ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń tú nẹ́gátíìfù, kò sí nǹkan kan. Tí ó bá kàn án nígbà tí ẹ ń tú pọ́sítíìfù, ẹ ti fi irin so orí bátìrì méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wáyà ńlá tó lọ sí kíìkì kò ní fíúùsì kankan, kò sì sí ohun tí yóò já kí ọwọ́ tàbí wáyà tó jó. Bó bá jẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ni ẹ óò gbà dé ibẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ lé ìdúró irin tó lè gbé e, lórí ilẹ̀ tó le, kí ẹ sì fi nǹkan di táyà ẹ̀yìn. Jáàkì nìkan kò tó. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì burú ju jáàkì lọ, torí kì í fúnni ní ìkìlọ̀ kankan kó tó fọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ tú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ àti wáyà ńlá, ẹ tú bóòtì méjì tàbí mẹ́ta tó dì í mú, ẹ sì fi ọwọ́ kejì gbé kíìkì torí ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Kí tuntun tó wọlé, ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì irin fọ ojú ibi tó ń jókòó sí títí irin yóò fi máa dán, nítorí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo eyín fuláíwíìlì láti inú ihò náà. Bó bá ti jẹ, kíìkì tuntun yóò kàn máa họ ọ́ ni. Ẹ fi ọwọ́ mú bóòtì wọlé kí ẹ tó fi sípánà fún un, wáyà ńlá gbọ́dọ̀ le dáadáa, nẹ́gátíìfù bátìrì ni yóò sì wọlé kẹ́yìn. Ẹ tún gbé mítà: bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, bátìrì kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá 9.6, tó bá sì ti jí, ó yẹ kí ẹ rí bí 13.8 sí 14.5 lórí bátìrì, kí ẹ lè mọ̀ pé ọ́lítánétọ̀ ń yan án padà.

Ẹnìkan lè ní irú ọ̀rọ̀ yìí ń gba oúnjẹ lẹ́nu rìwáyà, àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn tó sì lè sọ pé volt 2 ń sọnù lójú ẹ́ẹ̀tì ti gé wákàtí kan kúrò nínú iṣẹ́ wọn, kò sì ní padà wá bínú pé kíìkì tí wọ́n fi sí i lọ́jọ́sí ti kú. Owó tí rìwáyà tó mọṣẹ́ ń pàdánù lọ́dọ̀ ẹni tó bọ́ kíìkì fúnra rẹ̀ kò tó orúkọ tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń pààrọ̀ nǹkan láìdán an wò.

Ó wá ku àwọn ọkọ̀ tí mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni tú nílé. Lára Lexus LS400 àti àwọn Toyota ẹlẹ́ńjìnnì V8 bíi Sequoia àkọ́kọ́, abẹ́ ihò tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí ni kíìkì wà, láàárín apá V méjèèjì. Ìdajì orí ẹ́ńjìnnì ni ẹ óò tú kí ẹ tó rí i, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù sì ni. Toyota Prius kò ní kíìkì bí a ṣe mọ̀ ọ́n rárá. Mọ́tò iná ńlá inú rẹ̀ ló ń yí ẹ́ńjìnnì, wáyà olómi ọsàn tó lọ síbẹ̀ sì ń gbé iná tó lè pààyàn, nítorí náà ẹ má fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀, ẹni tó ni Prius náà lè mú mítà rẹ̀ jáde ní àárọ̀ tí ọkọ̀ bá kọ̀ láti jí, kó wọn bátìrì kékeré volt 12 tó wà nínú rẹ̀, torí bí ìyẹn bá ti rẹ̀, ọkọ̀ náà kò ní ṣí ojú, kódà bí bátìrì ńlá rẹ̀ bá kún.